Aṣọ Eré Orí Ìtàgé ní Ilé-Ẹ̀kọ́: Bí A Ṣe Ń Pèsè Rẹ̀

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé bí a bá ṣe rí ènìyàn ni a ṣe ń bá a lò. Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ìgboro náà ni ó rí lórí ìtàgé. Kí òṣèré tó la ẹnu, aṣọ ọrùn rẹ̀ ti sọ fún òǹwòran bóyá olóyè ni tàbí ìwọ̀fà, bóyá ọdẹ ni tàbí babaláwo, bóyá ìyàwó tuntun ni tàbí opó.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a óò ṣe àlàyé bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí ṣe lè pèsè aṣọ fún eré ilé-ẹ̀kọ́ láì ná owó rẹpẹtẹ. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, a óò fi eré kan ṣe àpẹẹrẹ. Eré náà ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Eré náà dá lórí Ìyálóde Ìbàdàn, obìnrin oníṣòwò tí ó ní oko àti ẹrú púpọ̀, tí wọ́n pa ní ọdún 1874. Bí ó bá jẹ́ eré mìíràn ni ẹ fẹ́ ṣe, ọ̀nà kan náà ni ẹ óò tọ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ipa ni aṣọ ń tẹ̀ lé, ipa kì í tẹ̀ lé aṣọ.

Kí ni aṣọ eré?

Aṣọ eré ni gbogbo ohun tí òṣèré wọ̀, tí ó dé, tí ó wé, tí ó so mọ́ ara tàbí tí ó gbé dání láti fi di ẹlòmíràn lójú òǹwòran. Nítorí náà, fìlà, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà, irun dídì, ọ̀pá àṣẹ àti ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwa Yorùbá. Láti ara egúngún ni àwọn aláàrìnjò ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ń pidán lójú agbo, wọ́n a yí aṣọ tí wọ́n wọ̀ síta, ohun tí ó jẹ́ inú a di ẹ̀yìn, ẹni tí a ń wò tẹ́lẹ̀ a sì di ohun mìíràn lójú wa. Nígbà tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí àwọn bíi Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ sì tẹ̀ lé e, aṣọ náà jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó ń fa èrò wá. Ní ọdún 1963 ni Ládípọ̀ kọ́kọ́ ṣe eré Ọba Kò So ní Òṣogbo. Ní ọdún 1964, wọ́n gbé e lọ sí Berlin, ní Jámánì. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ ní láti fi ojú rẹ̀ wo ẹni tí í ṣe ọba àti ẹni tí í ṣe ìránṣẹ́. Aṣọ, ìlù àti ijó ni ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe fi aṣọ yan òṣèré

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti òbí fi ara balẹ̀ kà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní àlàárì nínú àpótí ni wọ́n máa ń fi ṣe Ìyálóde. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní agbádá sányán ni wọ́n máa ń fi ṣe ọba. Ọmọ tí kò ní nǹkan kan nílé, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹrú, wọn a sì ní kí ó wá tòun ti aṣọ rẹ̀ tó ti gbó.

A mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan há gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyálóde sórí, ohùn rẹ̀ sì ń dún dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Nígbà tí wọ́n máa pín ipa, ẹlòmíràn ni wọ́n fún, nítorí pé aṣọ wà nílé tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ náà wá bá olùkọ́. Kò bínú, kò pariwo. Ohun tí ó bèèrè kò ju èyí lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè yá aṣọ náà ni?" Olùkọ́ náà kò rí èsì fọ̀. Eré ọdún náà lọ bí ó ti lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún mìíràn dé, ọmọ náà kò forúkọ sílẹ̀ fún eré mọ́.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pín ipa fún ẹni tí ó bá lè ṣe é, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí aṣọ gbogbo òṣèré di ẹrù gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ẹnì kan bá mú wá, inú àpò kan ni kí ó wọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ ka ìwé eré náà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́

Ẹ má tíì ronú abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ jókòó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ọmọ ọdún mélòó ni?
2. Kí ni ipò rẹ̀ láwùjọ? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?
3. Ìgbà wo ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, ìlú wo sì ni?
4. Kí ni ó ń ṣe nínú ìran kọ̀ọ̀kan? Ṣé oko ni ó ti ń bọ̀, àbí òde ni ó ń lọ?
5. Kí ni ó yí padà nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sí òpin?

Ìbéèrè karùn-ún yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ wo Ẹfúnṣetán. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ní ìparí, agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wọ aṣọ kan náà, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà àti gèlè kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, aṣọ kò bá ìtàn rìn nìyẹn. Ẹ lè yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí eré ti ń lọ. Ní ìran tó gbẹ̀yìn, kí ó jáde láì ní ìborùn, láì sì wé gèlè. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, gbogbo òǹwòran ni yóò sì rí i pé nǹkan ti yí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ aṣọ ìgbà náà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú eré ilé-ẹ̀kọ́ ni pé a máa ń rò pé aṣọ "ìbílẹ̀" kan náà ni àwọn baba wa ń wọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eré yín bá dá lórí Ìbàdàn ọdún 1874, ẹ kíyè sí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

*Léèsì:* Láti Austria ni ọ̀pọ̀ léèsì tí a mọ̀ ti wá, láti nǹkan bí ọdún 1960 sókè ni ó sì gbilẹ̀ láàárín wa. Ẹfúnṣetán kò mọ̀ ọ́n rárá.

*Ańkárá:* Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni irú aṣọ títẹ̀ tí ó ń ti Yúróòpù wá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò tíì sí lọ́jà Ìbàdàn nígbà ayé Ìyálóde náà.

*Àdìrẹ ẹlẹ́kọ:* Òótọ́ ni pé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ni a mọ̀ mọ́ àdìrẹ. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí tó gbòde, nígbà tí aṣọ funfun òyìnbó ti pọ̀ lọ́jà. Aró fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́, ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe é. Nítorí náà, aṣọ tí a rẹ láró láì ní ọnà lára ni kí ẹ lò.

*Ohun mìíràn:* Ẹ bọ́ aago ọwọ́. Ẹ bọ́ sálúbàtà rọ́bà. Ẹ má jẹ́ kí síìpù hàn lẹ́yìn aṣọ. Gèlè tó le gan-an, tí a wé bí ìyẹ́ ọ̀kín, ti òde òní ni.

Kí wá ni wọ́n ń wọ̀? Aṣọ òfì ni àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ ròde. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún, a ó wá rán an pọ̀. Mẹ́ta ni ó gbayì jù nínú wọn:

*Sányán:* Ara òwú kòkòrò inú igbó ni a ti ń rí i. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì tí a fi mílíìkì sí.

*Àlàárì:* Aṣọ pupa ni, aṣọ ọlọ́lá.

*Ẹtù:* Aró dúdú ni, tí ìlà tín-ín-rín wà lára rẹ̀, bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù.

Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ aṣọ híhun. Ní ti àwọn mẹ̀kúnnù, kíjìpá ni aṣọ iṣẹ́ wọn. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun kíjìpá lórí òfì òòró. Ó fẹ̀, ó nípọn, kì í sì í tètè gbó. Àwọn obìnrin a máa ró ìró dé àyà, wọn a sì da ìborùn bo èjìká.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Aṣọ ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan

*Ẹfúnṣetán Aníwúrà.* Ìró àlàárì tàbí sányán méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè rẹ̀. Ìborùn. Gèlè tí a wé pẹlẹbẹ. Iyùn ní ọrùn àti ní ọrùn ọwọ́. Bí ó bá wà nílé tí ó ń bá àwọn ẹrú rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí iyùn rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ẹni tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ ọdún.

*Látóòsà.* Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀ fún un, wọn a tún fi ìbòjú sí i. Kì í ṣe ọba aládé. Ìbàdàn ìgbà náà jẹ́ ìlú jagunjagun, àwọn olóyè ogun ni ó sì ń darí rẹ̀. Ní ọdún 1871 ni Látóòsà jẹ oyè Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ohun ẹ̀ṣọ́ oyè Kakaǹfò ni fìlà tí a fi ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́ ṣe, awọ ẹkùn àti ọ̀pá àṣẹ. Ẹ lè kun ìyẹ́ adìyẹ ní ọ̀dà pupa, kí ẹ tò ó sára fìlà. Fún awọ ẹkùn, ẹ ya àmì dúdú sára aṣọ tó nípọn tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewúsá gbígbẹ. Ẹ má ṣe wá awọ ẹkùn gidi kiri. Òfin ti dáàbò bo ẹranko náà.

*Àwọn jagunjagun àti ọdẹ.* Ṣòkòtò tí kò gùn ju orúnkún lọ, gbérí ọdẹ tí oògùn wà lára rẹ̀, àti àdó kéékèèké ní ìdí.

*Àwọn ìjòyè.* Agbádá tàbí dàńdógó, ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ àti fìlà. Kí aṣọ wọn má ṣe rí bákan náà. Aṣọ ẹgbẹ́ dára níbi ìnáwó, ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, òǹwòran ní láti mọ Balógun yàtọ̀ sí Ọ̀tún.

*Àwọn ẹrú.* Kíjìpá tí a kò rẹ láró, tí ó kúrú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni kí ẹ wọ àkísà fún. Ẹrú tí a fi ṣe olórí iṣẹ́ lè wọ aṣọ tó mọ́ tó sì dára. Bí gbogbo wọn bá wọ àkísà, ẹni ẹlẹ́ni lásán ni òǹwòran yóò rí, kò ní rí ènìyàn tó ní orúkọ. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí aṣọ wọn fi iyì ènìyàn hàn.

*Adétutù.* Ẹrú tí ó lóyún ni, oyún náà ni ó sì fa ikú rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀. A ó sọ bí a ṣe ń ṣe oyún rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe

*Wíwọn ara.* Ẹ fi téèpù wọn àyà, ìdí, èjìká, apá, àti gígùn láti ọrùn dé orúnkún. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ òṣèré. Ẹ má fojú díwọ̀n. Àwọn àgbà ní "Ẹ̀wù àwọ̀yá kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lápá, á ṣo ó lẹ́sẹ̀."

*Agbádá.* Ẹ wá aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì àlòkù tó fẹ̀. Kí ìbú rẹ̀ jẹ́ láti ọrùn ọwọ́ kan dé èkejì nígbà tí òṣèré bá na apá. Kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì láti èjìká dé agbedeméjì ojúgun. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ gé ibi ọrùn sáàárín. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ fi ibi ọwọ́ sílẹ̀. Òwú funfun tàbí ọ̀dà ni ẹ óò fi ya ọnà sí àyà rẹ̀. Láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́.

*Kíjìpá.* Aṣọ ojú fèrèsé àlòkù tó nípọn, tí kò ní òdòdó lára, dára fún un. Bí ẹ bá ń ṣe eré yín ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ẹ kò rí kíjìpá rà, èyí ni kí ẹ lò. Tí ó bá funfun jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tíì gbígbóná títí di ọjọ́ kejì.

*Aró.* Àwọn aláró òde òní máa ń lo kọ́sítíìkì sódà. Ó ń jó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé aṣọ lọ fún aláró, tàbí kí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe é pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ní ìta gbangba.

*Iyùn.* Ẹ kó kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá jọ. Ẹ gé e ní ìrísí ẹnu ọ̀kọ̀: kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì kan, kí gígùn rẹ̀ tó ínṣì mẹ́wàá. Ẹ fi ìdí tó fẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wé e mọ́ igi ìgbálẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìparí rẹ̀. Ẹ fà á yọ kúrò lára igi ìgbálẹ̀ náà, kí ó gbẹ, kí ẹ wá kùn ún ní pupa. Ẹ sín in sí okùn ọ̀rá. Sẹ̀gi náà rọrùn: ẹ wé e gbọọrọ bí ọ̀pá kékeré, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe iyùn gbogbo ẹ̀dá ìtàn láàárín ọ̀sán kan.

*Oògùn ara gbérí.* Páálí ìṣáná tó ṣófo ni kí ẹ fi aṣọ tàbí awọ àlòkù bò, kí ẹ rán an mọ́ ẹ̀wù ní ìlà. Ẹ fi owó ẹyọ díẹ̀ sí àárín wọn.

*Àkísà.* Àkísà náà ní bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ fọ aṣọ náà mọ́ tónítóní ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkúta ha orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti etí rẹ̀, kí ẹ fi ilẹ̀ pupa díẹ̀ pa á. Kò sí ọmọ tí ó yẹ kí ó wọ ohun tó ń rùn nítorí eré.

*Oyún Adétutù.* Ẹ rán àpò kékeré, kí ẹ fi òwú kún inú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìrẹsì bí ife méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè wúwo. Ẹ fi ọ̀já méjì dè é, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan gba èjìká. Ìwúwo náà ni yóò kọ́ òṣèré bí a ti ń jókòó àti bí a ti ń dìde pẹ̀lú oyún. Ẹ jẹ́ kí ó máa lò ó láti ọ̀sẹ̀ kejì ìdánrawò. Bí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bá máa rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti rín in tán. Lọ́jọ́ eré, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń mú Adétutù lọ.

Yíyá aṣọ lọ́wọ́ àwọn òbí

Òwe kan sọ pé "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Bí ẹ bá ń wá ẹtù tàbí sányán àtijọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà ni kí ẹ lọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ tún bèèrè ìtàn aṣọ náà. Ó lè jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó wọn, ó sì lè jẹ́ ogún tí wọ́n jẹ.

Bí wọ́n bá ti gbé e fún yín, ẹ pa òfin wọ̀nyí mọ́:

- Ẹ kọ orúkọ oníǹkan, ọjọ́ tí ẹ gbà á àti bí ó ti rí sínú ìwé. Kí olùkọ́ fọwọ́ sí i.
- Ẹ má gé e. Ẹ má rán ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹ má gún un ní pínnì.
- Kí òṣèré wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀ kí òógùn má bàa bà á jẹ́.
- Kò sí oúnjẹ, kò sí ọ̀dà, kò sí ẹ̀rọ ìlọṣọ gbígbóná nítòsí rẹ̀.
- Bí ó bá ṣeé ṣe, ọjọ́ eré nìkan ni kí ẹ wọ̀ ọ́. Kí ẹ fi aṣọ mìíràn ṣe ìdánrawò.

Ohun tí kò yẹ kí a fi ṣeré

Bí egúngún bá wà nínú eré yín, ẹ má ṣe yá ẹ̀kú gidi. Aṣọ egúngún ní ilé tó ni ín, ó ní ètùtù, ó sì ní èèwọ̀. Ẹ rán tiyín láti ara aṣọ ẹlẹ́lẹ́ lásán, kí ẹ sì fi tó àwọn àgbà àdúgbò létí kí wọ́n lè tọ́ yín sọ́nà. Bákan náà ni adé ìlẹ̀kẹ̀: bí ọba aládé bá wà nínú eré yín, ẹ fi páálí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rá ṣe é, ẹ má sì fi ṣe àwàdà.

Ẹ tún mọ ohun tí àwọ̀ ń sọ. Aṣọ funfun ni ti àwọn abọ̀rìṣà Ọbàtálá. Pupa ni a mọ̀ mọ́ Ṣàngó. Ẹni tí ó bá wọ pupa wá sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí abọ̀rìṣà Ọbàtálá, ó ti ṣì wá lọ́nà.

Ọjọ́ ìdánrawò àti ọjọ́ eré

Ó kéré tán, kí ìdánrawò méjì wà tí gbogbo òṣèré yóò ti wọ aṣọ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n jó, kí wọ́n sáré. Ìró tí ó bá máa tú, ibẹ̀ ni kí ó ti tú. Ẹ rán rọ́bà tàbí okùn sínú ìró àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ìró ró dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ lọ dúró sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pátápátá. Bí kò bá lè mọ ìjòyè yàtọ̀ sí ìránṣẹ́ láti ibẹ̀, iṣẹ́ kù. Ìyá tí ó pẹ́ dé láti ọjà, ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí. Òun náà fẹ́ dá ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Bí òṣèré kan bá máa ṣe ipa méjì, ẹ rántí ọgbọ́n àwọn aláàrìnjò: ẹ rán ẹ̀wù tí ó ní ojú méjì, inú rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ìṣẹ́jú kan tó láti yí i síta.

Lọ́jọ́ eré, ẹ na okùn sẹ́yìn ìtàgé, kí ẹ sì fi aṣọ kọ́ ọ bí ìran bá ṣe tẹ̀ léra. Ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju aṣọ lọ. Kí abẹ́rẹ́, òwú dúdú àti funfun, àlùmọ́gàjí àti pínnì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé ètò eré, ìsàlẹ̀ orúkọ òṣèré. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n.

Lẹ́yìn eré

Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí ẹ tó dá aṣọ tí ẹ yá padà. Ẹ sá a síbi afẹ́fẹ́, ẹ ká a dáadáa, kí ẹ sì gbé e lọ fún oníǹkan fúnra yín pẹ̀lú ọpẹ́. Àwọn tí ẹ rán fúnra yín, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ kó wọn sínú àpótí kan tí ẹ kọ "Aṣọ Eré" sí lára. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ Ìyálóde sọ yóò rí aṣọ Ìyálóde wọ̀, ìyá rẹ̀ kò sì ní wá bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá a lè yá a.

Àwọn òwe tí ó jẹ mọ́ aṣọ

*Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.* Ìtumọ̀: Aṣọ nìkan kò sọ ènìyàn di ẹni iyì, ìwà ni. Lórí ìtàgé, aṣọ dáradára kò lè ṣeré fún ẹni tí kò mọ eré ṣe.

*Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò.* Ìtumọ̀: Kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí ènìyàn, kí a wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní.

*Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn.* Ìtumọ̀: Ìrísí ni a kọ́kọ́ ń rí kí a tó mọ ìwà.

*Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni.* Ìtumọ̀: Iṣẹ́ tí a bá fi ìṣọ̀kan ṣe a máa lẹ́wà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Dárúkọ aṣọ òfì mẹ́ta tí ó gbayì jù, kí o sì sọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí Látóòsà dé adé ìlẹ̀kẹ̀ nínú eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà?
3. Bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé yín pé aṣọ wo ni ó ti pẹ́ jù nínú àpótí rẹ̀. Kọ ìtàn aṣọ náà sílẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá.
4. Yan ẹ̀dá ìtàn kan nínú eré tí ẹ ń kà ní kíláàsì yín. Kọ ohun tí yóò wọ̀ ní ìran àkọ́kọ́ àti ní ìran ìkẹyìn, kí o sì sọ ìdí tí o fi yí i padà.